Ọkọ̀ Wa Kò Kúnlẹ̀ Mọ́

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí: bọ́ọ̀sì àtijọ́ tí a fi ń ṣe ilé ti kúnlẹ̀ sápá ọ̀tún, ife mi ti yọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, Bàbá mi sì ń bá ẹni tó ń ra irin àlòkù sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dìrọ̀lẹ́ kí ẹ tó tà á."

Mo sáré pe Bọ̀dá fọganáísà tó ń lẹ táyà ládùúgbò wa. Ó fi ìfófò ọṣẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń jò lára àwọn rọ́bà afẹ́fẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó gbé ọkọ̀ ró.

"Àbúrò, ọkọ̀ yín ń mí jù yín lọ!"

Ó fi táàpù kékeré, bíi ti omi, sẹ́nu rọ́bà kọ̀ọ̀kan, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn títí ọkọ̀ fi dìde, ó sì yí àwọn táàpù náà pa kí afẹ́fẹ́ má baà jáde mọ́.

Mo gbé ife omi sílẹ̀ nínú ọkọ̀, mo ń wò ó bóyá yóò tún yọ̀. Títí dìrọ̀lẹ́, kò yẹ̀.

Bàbá ní kí oníirin máa lọ.

Ṣé ilé yín ti kúnlẹ̀ rí? Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú méjìlá ni mo dùbúlẹ̀ nínú tiwa, bí ẹni tó léfòó lórí afẹ́fẹ́.