Ìbò Kan Ṣoṣo ní Saint-Aubert

Wọ́n ní agbéraga ni Màkíìsì Aymeric de La Brossardière. Ṣé irọ́ ni? Rárá o! Agbéraga ni, alágídí sì ni pẹ̀lú. Èmi Mathurin Poiraud ni mo wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ilé ọlá ni wọ́n bí i sí, oyè ìdílé wọn nílẹ̀ Faransé ni Màkíìsì. Àwọn baba ńlá rẹ̀ kú sójú ogun nítorí ọba Faransé. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi ṣe aṣòfin ní Paris, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń tẹnu mọ́: kí wọ́n dá ọba padà sórí ìtẹ́. Ìyàwó rẹ̀ kú. Ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo lọ fẹ́ ọmọ oníbáńkì, kò sì wálé mọ́. Ọba tó ń dúró dè náà kú sílẹ̀ àjèjì, kò bímọ. Ó wá ku ọ̀gá mi nìkan nínú ilé oníyàrá ogójì.

Ìgbà yẹn ni Póòpù kọ lẹ́tà láti Róòmù pé kí àwa Kátólíìkì fara mọ́ ìjọba aláìlọ́ba. Fáda wa, tó ń ṣe Máàsì lọ́dọọdún fún ọba tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ bẹ́ lórí láyé àtijọ́, òun gan-an ló kọ́kọ́ yí padà.

"Ọ̀gá, Róòmù ti sọ̀rọ̀," ni Fáda wí.

"Róòmù kọ́ ló bí mi," ni ọ̀gá mi dá a lóhùn.

Lọ́dún kejì, ìbò dé. Léonce Guibert, dókítà ẹran, ló bá ọ̀gá mi du ipò aṣòfin, ó sì ṣèlérí rélùwéè fún wa. Perrine ìyàwó mi kò jẹ́ kí n gbádùn.

"Bí o bá dìbò fún bàbá yẹn, ọ̀dọ̀ ẹṣin lo máa sùn! Ṣé ọba tó ti kú ló máa bá wa gbé bọ́tà lọ sọ́jà ni?"

Mo ní kó panu mọ́. Àmọ́ Guibert ni mo dìbò fún. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Láàárọ̀ Sunday ìbò náà, bí mo ṣe ń wà á lọ síbi ìbò, ọ̀gá mi ti sọ fún mi pé, "Mathurin, bó bá ku ẹnì kan péré tó wà lẹ́yìn mi lábúlé yìí, ibí ni màá kú sí. Bí kò bá sí, màá ta ilé, màá lọ bá àbúrò mi ní Vienna." Mo na ẹṣin.

Wọ́n ka ìbò abúlé wa, Saint-Aubert. Mẹ́tàlélọ́gọ́fà fún Guibert. Ẹyọ kan fún Màkíìsì.

"Ara ẹ̀ ló dìbò fún o!" ni ẹnì kan pariwo. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀gá mi dé àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó jáde.

Nígbà tí à ń padà sílé, iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló jókòó sí. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

"Guibert ni mo dìbò fún," ó ní. "Ọmọlúàbí kì í dìbò fún ara rẹ̀. Ìwọ ni, àbí, Mathurin?"

Kí ni ǹ bá sọ? Àánú rẹ̀ ṣe mí, ẹ̀rù iṣẹ́ mi sì ń bà mí.

"Èmi ni, ọ̀gá."

Ó di ọwọ́ mi mú. Kò ta ilé mọ́.

Láti ọjọ́ náà, lẹ́yìn Máàsì gbogbo ọjọ́ Sunday, ó ń fi mí jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, a jọ ń mu wáìnì, ó ń sọ̀rọ̀ Paris fún mi. Èmi tí ara mi ń rùn bí ẹṣin! Ìtìjú ni mo fi ń mu ún. Kò pẹ́ tí mo pàdé Guibert lọ́jà màlúù, ló bá ń rẹ́rìn-ín.

"Èmi ni mo dìbò fún un o. Alátakò gidi ni, ó yẹ kí n bọ̀wọ̀ fún un."

"Dókítà, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má sọ fún un!"

Ọdún mẹ́fà kọjá. Òtútù mú ọ̀gá mi láyà, ó dùbúlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wá kí i. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Ọ̀gá, mo purọ́ fún yín. Ìbò yẹn, èmi kọ́."

"Mo mọ̀. Guibert sọ fún mi nígbà tó wá tọ́jú ẹṣin, ọdún karùn-ún rèé."

"Yéè! Kí ló dé tẹ́ ò lé mi?"

Ó wò mí bí ẹni ń wo òpè.

"Ta ni ì bá máa bá mi mu wáìnì?"

Mo bú sẹ́kún. Ó ní kí n yé pariwo, kí n bu wáìnì wá. Mo bu ún fún àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n kò lè gbé e mì mọ́. Èmi nìkan ni mo mu ún.