Ọdún Tí Mo Kọ́ Bí A Ṣe Ń Di Ọ̀pá Gọ́ọ̀fù Mú

Òórùn rọ́bà tí oòrùn ti ń yan láti àárọ̀, tó pọ̀ mọ́ ti koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ni mo fi máa ń mọ̀ pé mo ti dé pápá ìdánrawò gọ́ọ̀fù tó wà létí ọ̀nà márosẹ̀, láàárín Mesquite àti Forney, lẹ́bàá ìlú Dallas. Ibẹ̀ kò rẹwà. Ẹní rọ́bà kéékèèké ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ní ìlà gbọọrọ, wọ́n fi páànù ṣe ìbòrí sórí wọn, pápá gbalasa wà níwájú, bọ́ọ̀lù funfun sì fọ́n ká orí rẹ̀ bí ẹyin tí ẹnikẹ́ni kò kó. Wàá gbọ́ “pá”, wàá tún gbọ́ “pá”, ariwo ọkọ̀ á sì gbé e mì. Iwájú ni olúkúlùkù ń wò, kò sẹ́ni tó ń wo ẹnìkejì. Fún ẹni tó dá wà bíi tèmi nígbà náà, ibẹ̀ tura. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé ta lo bá wá.

Ọdún yẹn ni èmi àti ìyá ọmọ mi pínyà. Mi ò ní fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn ọ́. Òun àti ọmọ wa obìnrin dúró sílé tó wà ní Mansfield, èmi lọ ra ilé sí Forney, nínú ẹ̀sítéètì tuntun tí gbogbo ilé jọra bí ìbejì, tí igi tí wọ́n gbìn síwájú ilé kò tíì ga tó èèyàn. Inú ilé ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà mi. Bí ìpè iṣẹ́ bá wọlé láàárọ̀ Mọ́ńdè, ohùn mi á kọ́kọ́ há, nítorí mi ò tíì bá ẹ̀dá alààyè kankan sọ̀rọ̀ láti Fúráìdè. Ìrẹsì tí mò ń sè, ìwọ̀n ti odidi ìdílé ni. Ó pẹ́ kí ọwọ́ mi tó mọ bí wọ́n ṣe ń bu ti ẹnì kan ṣoṣo.

Bí a bá fo Sátidé kan, èyí tó tẹ̀lé e ni tèmi. Mo máa ń wakọ̀ la Dallas kọjá lọ gbé ọmọ mi ní Mansfield. Yóò tẹ orúnkún díẹ̀ lẹ́nu ọkọ̀, yóò ní, “Ẹ káàárọ̀, Dádì.” Gbogbo Yorùbá tí yóò sọ títí ilẹ̀ á fi ṣú nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni ìyókù. Èmi ni mò ń yí i padà bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ọ yìí. Bó bá ti jókòó tán, ó ti ki nǹkan tí wọ́n fi ń gbọ́ orin bọ etí nìyẹn, yóò sì kọjú sí fèrèsé. Kì í ṣe pé ó ń bínú. Ọmọ tí kò mọ ohun tí yóò bá bàbá rẹ̀ sọ ni, bàbá náà ò sì mọ̀.

Ó wà nínú ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù ilé ìwé wọn, torí náà pápá yẹn la máa ń lọ. Èmi á jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn rẹ̀, n óò gbá ìgò omi rẹ̀ mú. Ní gbogbo àkókò yẹn, bọ́ọ̀lù rẹ̀ kì í lọ tààrà mọ́. Yóò gbéra dáadáa, yóò wá ṣẹ́rí sí òsì bí ẹran tó já okùn. Ọmọ mi á gé ètè jẹ. Èmi á ní, “Tún un gbá.” Òun á ní, “OK, Dádì.” Kí ni mo mọ̀? Ní Òṣogbo tí mo dàgbà sí, bọ́ọ̀lù tí a mọ̀, ẹsẹ̀ la fi ń gbá a.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dá lọ síbẹ̀ nìyẹn, lọ́jọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, bí mo bá ti pa kọ̀ǹpútà. Mo ra àlòkù ọ̀pá. Mo rò ó pé bí mo bá mọ ohun tó ń lé bọ́ọ̀lù rẹ̀ sí òsì, ó kéré tán, n óò ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu tí yóò jẹ́ kó yọ nǹkan yẹn kúrò létí. Mo fi gbogbo agbára di ọ̀pá mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí àtẹ́lẹwọ́ mi fi lé ròrò, tí ròrò náà bẹ́, tí òmíràn tún yọ sórí rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo fi ọ̀pá gbá afẹ́fẹ́, mi ò kan bọ́ọ̀lù rárá, mo sì pariwo pé, “Yéè, orí mi o!” Bàbá kan tó wà lórí ẹní tó tẹ̀lé tèmi yíjú sí mi. Alàájì kan, Yorùbá bíi tèmi, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ni, mo ti máa ń rí i tẹ́lẹ̀. Bí àkókò ìrun Màgáríbì bá ti ń sún mọ́, yóò kó ọ̀pá rẹ̀ sínú ọkọ̀, yóò gba mọ́ṣáláṣí lọ.

“Kí ni ọ̀pá yẹn fi ṣe ọ́ tí o fi ń fún un lọ́rùn?” ló bi mí.

“Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà. Mò ń kọ́ ọ ni.”

“Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ kọ́ nìyẹn. Mú ọwọ́ wá.”

Ó ní kí n gbé ọ̀pá sí ìdí àwọn ìka ọwọ́ òsì, kí n má gbé e sáàárín àtẹ́lẹwọ́, kí n wá pa ìka dé e. Ó ní kí n wo ẹ̀yìn ọwọ́ náà, oríkèé méjì ni kí n rí. “Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ ẹ ti yí jù. Òsì ni bọ́ọ̀lù máa yà sí.” Bó ṣe dárúkọ òsì, bọ́ọ̀lù ọmọ mi ló wá sí mi lọ́kàn. Ó tún mú mi lọ́rùn ọwọ́. “Nígbà tí o wà nílé ìwé, ṣé o ò fi àdá pa koríko rí ni?”

“Mo pa á títí ni, sà.”

“Ṣé èjìká lo fi ń ju àdá? Ọrùn ọwọ́ ni. Jẹ́ kó ṣẹ́ bí ọ̀pá bá ń lọ sókè. Tó bá ń bọ̀ nísàlẹ̀, má tètè tú u. Ó di ìgbà tó bá fẹ́ kan bọ́ọ̀lù.”

Mo gbìyànjú títí, ìgbà tó yá, ọ̀pá ba bọ́ọ̀lù kan dáadáa. Ìró rẹ̀ yàtọ̀, bọ́ọ̀lù náà lọ tààrà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Mo yíjú láti wo ẹni tó rí i. Alàájì ti tẹrí ba sídìí bọ́ọ̀lù tirẹ̀. Mo wakọ̀ délé, inú mi ń dùn, kò sì sẹ́ni tí n óò sọ fún. Mo dúró síwájú dígí, mo ń fi Gẹ̀ẹ́sì dán ohun tí n óò sọ fún ọmọ mi wò.

Nígbà tí Sátidé wa pé, bọ́ọ̀lù rẹ̀ tún yà sí òsì. Mo dìde lórí bẹ́ǹṣì. Mo ní, “Yí ọwọ́ òsì rẹ padà díẹ̀, oríkèé méjì ni kó o rí. Ọrùn ọwọ́ rẹ náà ń tètè tú.” Ó wò mí bí ìgbà tí ajá ilé bá fọhùn. Ó yọ nǹkan etí rẹ̀.

“Ta ló sọ fún yín?”

“Mò ń kọ́ ọ ni.”

“Ẹ gbá a kí n rí i.”

Mo ṣì í gbá, ọmọ mi sì bú sẹ́rìn-ín. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín yẹn láti ìgbà tí a ti pínyà. Ó wá bọ́ sí iwájú mi kó lè tún ọwọ́ mi tò, ìgbà yẹn ló rí àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹ̀rín náà lọ. Ó kàn ń gbé ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, láti orí ọmọńdinrín títí dé àtàǹpàkò, ó ń gbé wọn lé ọ̀pá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó ní, “Ẹ dẹ̀ ẹ́, Dádì. Kò ní bọ́.” Ìgbà tó ti di ọwọ́ mi mú gbẹ̀yìn, ó ṣì kéré, à ń sọdá títì ni. Mo mọ ibi tó yẹ kí gbogbo ìka yẹn wà. Ńṣe ni mo tún ṣì wọ́n gbé kó lè tún wọn tò.

Títí tó fi jáde ilé ìwé, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ọrùn ọwọ́ àti oríkèé la ń sọ, ṣùgbọ́n láàárín bọ́ọ̀lù kan sí èkejì, ó máa ń já ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀: ọ̀rẹ́ tó dà á, olùkọ́ tó fẹ́ràn, ẹkún tí ìyá rẹ̀ sun nínú yàrá ìdáná. Lẹ́yìn náà ó lọ sí yunifásítì ní ìpínlẹ̀ mìíràn, Sátidé mi sì ṣófo.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan, mo bi í lórí fóònù bóyá ó ti rí pápá gọ́ọ̀fù lọ́hùn-ún.

“Dádì, mi ò gbá a mọ́. Ó ti pẹ́ tó ti sú mi. Sátidé tí mo rí ọwọ́ yín yẹn, mo ti pinnu pé n óò sọ fún yín pé mo fẹ́ fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.”

“Kí ló wá dé tí o ò sọ ọ́?”

“Ọwọ́ yín ti bó. Mo wá rò ó pé tí n kò bá gbá a mọ́, kí la ó máa ṣe?”

Mo jókòó sídìí tábìlì ìdáná. Mo ní, “Èmi náà, ọmọ mi, kì í ṣe gọ́ọ̀fù ni mò ń wá lọ.” Ẹ̀rín pa á, ó pa èmi náà, àmọ́ ojú mi ti kún fómi.

Mo ti gbà pé èmi nìkan ni ọdún yẹn le fún, pé èmi nìkan ni mò ń wá ọ̀nà láti dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Mi ò mọ̀ pé ọmọ tó jókòó tì mí nínú ọkọ̀, tó kọjú sí fèrèsé, ń tọ ọ̀nà kan náà bọ̀ láti ìhà tirẹ̀. A jọ dá wà ni, ẹ̀gbẹ́ ara wa la sì jókòó sí. Kò mú ìdánìkanwà náà kúrò, n kò ní parọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n ó yí bí ó ṣe ń ṣe mí padà.

Nígbà Kérésì, ó wá sílé mi fúnra rẹ̀. A ò lọ síbì kankan. A jókòó sí pálọ̀ láìtan tẹlifíṣọ̀n, èmi lórí àga kan, òun lórí èkejì, a ń wá ọ̀rọ̀ tí a ó sọ. Ìdákẹ́jẹ́ náà gùn, ó nira ju ohunkóhun tí Alàájì kọ́ mi lọ. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dìde nínú àwa méjèèjì.