Ìkíni Tí Sájẹ́ǹtì Ẹja Kò Tètè Dáhùn

Ẹja ni gbogbo àdúgbò ń pe sájẹ́ǹtì tó ti fẹ̀yìn tì yìí, torí pé bí ẹja ló ṣe ń sùn: ojú rẹ̀ méjèèjì á là sílẹ̀ kedere. Wọ́n ní ó sun odindi ogun kan já, ni wọ́n bá fún un ní àmì ẹ̀yẹ pé ìbọn kò dẹ́rù bà á.

Òun ló dàgbà jù nínú Ẹgbẹ́ Àgbà Ológun, òun ló sì ni àga aláwọ tó wà níwájú. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ gbà wọlé á gbé ọwọ́ síwájú orí, á kí i bí ológun, kò sì gbọdọ̀ sọ ọwọ́ kalẹ̀ títí Ẹja yóò fi dá a lóhùn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ọlá gba ọ̀gágun kan láti ilẹ̀ òkèèrè sẹ́gbẹ́, alága fa Ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sùn lónìí o. Bí ẹ bá tún sùn, kọ́púrà tó tẹ̀ lé yín lọ́jọ́ orí la máa gbé àga yẹn fún."

"Èmi kẹ̀? Ta ló rí mi rí tí mo dijú?"

"Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn!"

Alága wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn débi pé irùngbọ̀n tí àwọn èèyàn fá láàárọ̀ tún hù. Kó tó parí, oorun ti gbé Ẹja lọ.

Àlejò bọ́ síwájú, ó gbọ́wọ́ sókè. Ẹja ń wò ó. Òógùn bo ọkùnrin náà, apá rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹja ṣì ń wò ó.

"Ó ń dán an wò ni," ẹnì kan sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Àlejò nìkan ló súnmọ́ ọn tó láti gbọ́ bó ṣe ń hanrun jẹ́jẹ́. Ìyàwó Ẹja ní tiẹ̀ kò nílò kó gbọ́. Ó kígbe látẹ̀yìn: "Bàbá wa! Ológbò ti ń gbé ẹran yín lọ o!"

Ẹja ta gìrì dìde, ó sì dá ìkíni náà lóhùn kó tó mọ ibi tó wà. Àtẹ́wọ́ bo gbọ̀ngàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹran yẹn mú alága fura.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ súnmọ́ ọn. Ẹ sọ òótọ́, ṣé bàbá yìí sùn ni? Bó bá sùn, a máa gba àga yẹn lọ́wọ́ ẹ̀."

Àlejò ń fọwọ́ ra apá rẹ̀. Ó wo àga, ó wo Ẹja, ó sì fi Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fèsì: "Rárá o. Ọkàn mi ni bàbá ń wò."

Ẹja fà á mọ́ra gbàgì.

"Alága, ẹ tètè kọ orúkọ ọmọ yìí sílẹ̀! Irú ẹ̀ lẹgbẹ́ wa ti ń wá tipẹ́."