"Rárá" tí Àǹtí Bọ́lá sọ ní wọ́ọ̀dù

Lónìí, mo já àgbà nírọ́ níwájú ọ̀gá wa, ọkàn mi ò sì tíì balẹ̀.

Aláìsàn ò pọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa ní ilé ìwòsàn kan ní Reinickendorf, ní Berlin, ibùsùn mẹ́sàn-án ló ṣófo. Lọ́sàn-án, Stationsschwester, obìnrin ará Jámánì tó jẹ́ ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, ní ẹnì kan lè tètè lọ sílé tó bá wù ú, kí wọ́n yọ ọ́ nínú wákàtí tó ti ṣe lé.

Ó kọ́kọ́ bi Àǹtí Bọ́lá, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kọ́ èmi tí mo wà ní ọdún kìíní ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì níṣẹ́. Láàárọ̀ ni Àǹtí ti sọ fún mi pé ara ọmọ àwọn ń gbóná nílé.

Àǹtí rẹ́rìn-ín. "Rárá, ẹ má ṣèyọnu. Màá dúró."

Ẹ̀yin náà mọ irú rárá yẹn. Àǹtí ń retí kí ọ̀gá náà tún rọ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n kò béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ó yíjú sí mi: "Ìwọ ńkọ́?"

Mo ní, "Àǹtí fẹ́ lọ. Ara ọmọ wọn ò yá."

"Kí ló wá dé tó fi ní òun ò lọ?"

Ó ṣáà ní kí Àǹtí máa lọ.

Nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, Àǹtí ní, "Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Ṣé mi ò lẹ́nu ni?" Bí wọ́n ṣe ń bá mi wí ni wọ́n ń yára de bọ́tìnì kóòtù wọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ níbí, ṣé kí n lọ bẹ̀ wọ́n lọ́la, àbí kí n kàn béèrè àlàáfíà ọmọ?