Ọmọ Méje Inú Ìwé Ìṣirò

Ẹ má dá mi lẹ́bi o. Ìwé ìṣirò àtijọ́ ti àwọn ará Amẹ́ríkà ló kó mi sí wàhálà. Tòkunbọ̀ ni, mo rà á ní Àkúrẹ́ torí pé olùkọ́ abúlé bíi tèmi ló kọ ọ́, láyé ìgbà tí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ oko. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú, bàbá náà yin ara rẹ̀ dójú ikú: kò sí olódo tí ìwé òun ò ní là lójú! Mo ní, ẹni tèmi nìyí.

Bọ́lọ́rundúró ni mo ti ń kọ́ni nígbà náà. Àkúrẹ́ ni ìyàwó àtàwọn ọmọ mi wà. Àárò wọn ń pa mí. Bí iṣẹ́ mi bá tẹ́ ìyá alábẹ̀wò tó ń bọ̀ láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ lọ́rùn, òun ni yóò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tíráńsífà mi.

Ó dé, ó jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Mo ṣí ìwé mi, mo kà á ketekete: “Àgbẹ̀ kan bí ọmọ méje. Méjì kú. Ó ku mélòó?”

“Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!”

Gbogbo kíláàsì fọwọ́ yí orí ká, wọ́n ta ìka dànù. Mo wo ẹ̀yìn, ìyá alábẹ̀wò náà ń ta ìka!

Mo yára tún un sọ: “Ó dáa, wọn ò kú. Wọ́n lọ sílé ọkọ.”

“Mẹ́sàn-án, sà!”

“Mẹ́sàn-án báwo?”

“Ọkọ méjì ti kún wọn, sà. Ọmọ kúkú ni àna.”

Bàbá Amẹ́ríkà, o ò kìlọ̀ fún mi!

Ìyá alábẹ̀wò dìde, ó yọ fọ́ọ̀mù mi. “Olùkọ́ ìṣirò, ọmọ mélòó lẹ ní sí Àkúrẹ́? Wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbí.”

“A dúpẹ́, mà. Wọ́n wà níbẹ̀.”

“Mélòó?”

“Olúwa ń ṣe é, mà.”

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣé èmi ni n óò wá ka tèmi lójú èrò?

“Bí ẹ ò bá lè kà wọ́n, ta ni kí n kọ pé ẹ fẹ́ lọ bá?”

Mo dijú. “Mẹ́rin, mà!” Wéré ni mo fọwọ́ yí orí ká.

“Olúwa á dá wọn sí, sà!” ni kíláàsì hó. Àmín ìyá alábẹ̀wò ló ròkè jù. Ó kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i.

Àkúrẹ́ ni mo wà báyìí, ìwé náà ò sì kúrò lọ́wọ́ mi. Mo kàn ti fi báírò tún un ṣe ni. Àgbẹ̀ yẹn ní iṣu méje, méjì jẹrà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ńkọ́? A dúpẹ́. Wọ́n wà níbẹ̀.