Abọ́ Ẹlẹ́ja àti Orílẹ̀ Àwọn Ará Ṣáínà

Mo ṣì kéré débi pé abọ́ tánganran ńlá kan lè bò mí mọ́lẹ̀ bí agò ṣe ń bo adìẹ, lọ́jọ́ tí mo dojú abọ́ kan dé láti fọ ìdí rẹ̀, tí mo sì rí ohun tó gba oorun lójú mi títí dòní. Àmì mẹ́rin ni, ó pupa fòò. Kì í ṣe ABD, kì í sì í ṣe èyí tí a ń kọ́ ní ilé kéwú. Ó dà bí ẹsẹ̀ adìẹ lórí ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n adìẹ tó kàwé ni.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀ ń rántí abọ́ wọ̀nyẹn: funfun, etí rẹ̀ búlúù, òdòdó tàbí ẹja méjì láàárín, èyí tí wọ́n ń tò jọ fún ẹrù ìyàwó. Màmá bàbá mi ló ń tà á ní Ọjà'ba, bí ẹ bá ti ń sọ̀kalẹ̀ láti Màpó. Ìyá Alábọ́ ni gbogbo ọjà ń pè é. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, bí mo bá ti jẹ ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà tán nílé wa ní Bẹ́yẹrúnkà, èmi ni mo ń nu eruku abọ́. Bí òróró àkàrà bá fi lè hàn lára abọ́ kan ṣoṣo, ìkó á dún lórí mi.

Ìyá Alábọ́ kì í polówó. Orílẹ̀ ló fi ń tajà. Bí oníbàárà bá ti fọwọ́ kan abọ́, yóò bi í pé, "Ọmọ agbo ilé wo ni yín?" Bí o bá jẹ́ ọmọ Oníkòyí, yóò kì ọ́ dé ojú ogun, bí o bá jẹ́ ọmọ Ọ̀fà, yóò kì ọ́ dé ibi ìjàkadì. Kó tó kì ọ́ tán, orí rẹ ti wú, ẹnu rẹ kò lè nájà mọ́. Ta ni yóò gbọ́ pé baba ńlá òun kò sá lójú ogun rí, tí òun yóò wá máa sá nítorí abọ́?

Àfi ọjọ́ tí ará Ṣáínà kan dé, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe títì, òun àti awakọ̀ rẹ̀. Abọ́ ẹlẹ́ja ló mú. Màmá béèrè agbo ilé rẹ̀.

Awakọ̀ ní, "Màmá, ará Ṣáínà mà ni."

"Mo mọ̀, ojú mi ò fọ́. Orílẹ̀ wọn ni mò ń bèèrè."

Awakọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin náà nájà títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu Màmá, ó ní òun á padà wá ní Sátidé tó ń bọ̀. Ìtìjú ńlá ni. Bí a ti délé, Màmá kọjú sí mi.

"Àjọkẹ́, ìwọ tó ń lọ sílé ìwé, kí ni orílẹ̀ àwọn ará Ṣáínà tó ń ṣe abọ́ wa?"

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń sọ pé òun ò mọ̀? Gbogbo ìmọ̀ mi nípa Ṣáínà kò ju fíìmù ìjà wọn tí a ń yọjú wò láti ojú fèrèsé ilé fídíò kan ní Bẹẹrẹ. Mo kì í fún un:

"Ọmọ a-fò-má-níyẹ̀ẹ́,
Ọmọ a-rìn-lórí-òrùlé-má-fọ́-páànù,
Ọmọ a-fẹsẹ̀-gbáni-létí."

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni Màmá fi há a sórí. Ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹran mi di méjì.

Sátidé pé, ọkùnrin náà dé. Màmá tún ìró ró, ó dìde dúró, ó kì í láti orí dé ẹsẹ̀, ó tilẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan díẹ̀ níbi ìlà kẹta. Awakọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Ará Ṣáínà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpò wa.

Awakọ̀ ní, "Màmá, ó ní àgbẹ̀ ni bàbá òun, àgbẹ̀ ni bàbá bàbá òun. Jéró ni wọ́n ń gbìn létí odò kan tó pọ́n bí omi ẹrẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni ò fò rí nínú ìdílé àwọn, àfi àbúrò òun tó já bọ́ lórí igi."

Obìnrin tó ń ta ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pariwo, "Ìyá Alábọ́, ẹ gbá mi létí kí n rà méjì!" Ẹ̀rín yẹn gun òkè Màpó.

Màmá gba abọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó ní òun kò tà á mọ́. Nílé, ó pọnmi kún abọ́ náà dé etí, mo kúnlẹ̀, ó gbé e lé mi lórí. Ibẹ̀ ló ti dájọ́ mi: "Èèyàn lè fi irọ́ jẹ orúkọ, kò lè fi irọ́ ní orílẹ̀. Lọ wá òótọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí o bá kó ìlà méje wá, tí ọmọ wọn kan gbọ́ tí kò já ọ ní koro, abọ́ yìí di tìrẹ." Ó fi ìṣó kọ́ abọ́ náà sára ògiri. Ìgbà tí Màmá kú, àbíkẹ́yìn rẹ̀, Àǹtí Rísíkà, ló jogún abọ́ àti òfin rẹ̀, ó sì le ju Màmá lọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kàwé. Mo mọ odò náà: Odò Yẹ́lò ni, ilẹ̀ tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ ló mú un pọ́n. Àwa tí odò Ògùnpa ti kún, tó kó ìkòkò wa lọ, kò nílò àlàyé pé odò lè burú. Ìtàn wọn ní ọkùnrin kan fi ọdún mẹ́tàlá gbẹ́ ojú odò kí àgbàrá lè rọlẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, kò yà. Àǹtí Rísíkà ní, "Kí ìyàwó rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn."

Oṣù tó kọjá, mo bẹ ọmọbìnrin ará Ṣáínà kan tó ń ta báàgì ní ọjà Ògùnpa, ẹni tó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ mi lọ, kó bá mi dé Bẹ́yẹrúnkà. Àǹtí Rísíkà gbé àga sábẹ́ abọ́. Mo kì í:

"Ọmọ odò a-kún-wọlé-má-kanlẹ̀kùn,
Ọmọ a-jẹ-jéró-lápá-àríwá, a-jẹ-ìrẹsì-ní-gúúsù,
Ọmọ a-kọ̀wé-sẹ́yìn-ahun,
Ọmọ a-gbaṣọ-lẹ́nu-ìdin,
Ọmọ ọba méjì tó jà tán tó di ọmọ ilé kan,
Ọmọ a-pe-ìdílé-kó-tó-pe-orúkọ."

Ọmọbìnrin náà ń mi orí sí ìkọ̀ọ̀kan. Ó ní ní tòótọ́, orúkọ ìdílé ló ń ṣíwájú, pé ẹnu ìdin ni òwú aṣọ sẹ́dà wọn ti ń jáde, pé ọba àtijọ́ méjì tó bá ara wọn jà ni wọ́n ń pè ní baba ńlá wọn, àti pé ẹ̀yìn ahun àti eegun màlúù ni wọ́n ti rí ìwé wọn tó pẹ́ jù. Mo wá fi ìlà keje lé e: "Ọmọ a-gbéra-ní-Áfíríkà-má-dágbére." Mo ṣàlàyé pé ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ eegun àti ẹ̀jẹ̀ fara mọ́ nìyẹn, pé ibí ni baba ńlá gbogbo èèyàn ti gbéra.

Ó fajú ro. "Àwọn bàbá àgbà wa sọ pé ihò àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ Beijing ni a ti ṣẹ̀."

Àǹtí Rísíkà dá sí i. "Bó bá jẹ́ ibí ni wọ́n ti kúrò, ẹbí wa ni wọ́n. Kí ló dé tí bàbá ọjọ́sí fi nájà mọ́ màmá mi bẹ́ẹ̀?"

Ọmọbìnrin náà ní, "Àǹtí, ẹbí ló máa ń nájà jù."

Àǹtí rẹ́rìn-ín títí, mo rò pé ó ti bùṣe. Ó wá nu ojú. "Àjọkẹ́, orílẹ̀ wọn la ní kí o sọ, o sọ ti gbogbo ayé, tòun tèmi. Ààbọ̀ ni mo fún ọ."

Láyé ìjọ́sí, a kò mọ nǹkan kan nípa Ṣáínà, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ agbo ilé wa tí kò mọ orílẹ̀ ara rẹ̀. Lónìí, ọmọ mi lè fi fóònù wá ilẹ̀ Ṣáínà kàn kí n tó ṣẹ́jú. Ẹ bi í léèrè orílẹ̀ tirẹ̀, ó ní dátà òun ti tán. Abọ́ oníke ni gbogbo wọn ń lò, ìdí rẹ̀ kò sì ní nǹkan tó yẹ ní kíkà. Ti Màmá ṣì wà lára ògiri. Àǹtí Rísíkà gbà mí láyè kí n máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní ọjọọjọ́ Jímọ̀, kí n fọ̀ ọ́, kí n sì dá a padà sórí ìṣó. Ìlà mẹ́fà àti ààbọ̀ ni mo dé.