Bọ́ọ̀lù Tí Kò Hàn

Ọ̀sán ni wọ́n mú iná dé. Gbogbo àdúgbò wa ní Àgbowó hó yèè, "Iná dé o!" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi dìde lẹ́ẹ̀kan náà, torí géèmù ni wọ́n ń dúró dè. Mo tan kọ̀m̀pútà. Àwọn lẹ́tà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lórí ojú rẹ̀ tó dúdú, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn wọ́n dúró lójijì. Ẹ̀rọ náà ní iná tó ṣàdédé lọ ti ba nǹkan jẹ́ nínú òun, kí n tẹ páswọ́ọ̀dù rúùtù, ìyẹn ti ọ̀gá tó láṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ, kí òun tó lè tẹ̀ síwájú.

Mo tẹ páswọ́ọ̀dù tèmi. Ó kọ̀ ọ́. Mo tún un tẹ̀, mo rọra ń wo ìka mi. Ó tún kọ̀ ọ́. Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù, èmi ni mo ni kọ̀m̀pútà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta aṣọ ní Dùgbẹ̀ ló rà á fún mi nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ títáìpù. Àmọ́ èmi kọ́ ni rúùtù. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ páswọ́ọ̀dù yẹn, kò sì yọjú mọ́ láti bí ọjọ́ mélòó kan.

Bùrọ̀dá kan ni nínú ìjọ wa. Ìjọ Aládùúrà ni wá, àwọn aláṣọ funfun. Ó ti kàwé ní pólì, ó sì mọ kọ̀m̀pútà ju gbogbo wa lọ. Nígbà náà, àwọn sójà ṣì ń ṣèjọba, ẹ̀rù sì máa ń ba èèyàn láti fọkàn tán ẹni tí kò mọ̀. Ẹni tí a jọ ń kúnlẹ̀ gbàdúrà la máa ń sá tọ̀. Láàárọ̀, mo máa ń tẹ pírójẹ́ẹ̀tì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ jáde ní yunifásítì. Tó bá di ọ̀sán, géèmù bọ́ọ̀lù ló kù. Dísíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó wá ló kó fáírọ́ọ̀sì wọlé, ó sì ń ba iṣẹ́ mi jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

"Sístà mi," Bùrọ̀dá sọ fún mi, "ẹ jẹ́ ká yọ ètò tó wà nínú ẹ̀rọ yìí kúrò. Òmíràn wà tí wọ́n ń pè ní Linux. Ọ̀fẹ́ ni, kì í sì í ṣàìsàn."

"Géèmù ńkọ́?"

"Géèmù á ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́ lónìí, á ṣiṣẹ́ lọ́la. Àwọn tó ń tún un ṣe wà káàkiri ayé, wọn kì í sinmi."

Mo gbà á gbọ́. Kí n má purọ́, fáírọ́ọ̀sì lọ, iṣẹ́ títẹ̀ sì ń lọ geere. Géèmù ló di wàhálà. Bùrọ̀dá ní ohun kan wà tí òun máa fi tan géèmù náà jẹ, kó lè rò pé inú ilé rẹ̀ àtijọ́ ló ṣì wà. Ó ṣe é lọ́sàn-án, ó ṣe é nírọ̀lẹ́, títí pápá fi là lójú kọ̀m̀pútà, koríko tutù yọ̀yọ̀, àwọn agbábọ́ọ̀lù sì jáde. Gbogbo wa pariwo. Lẹ́yìn náà ni a rí i pé kò sí bọ́ọ̀lù. Àwọn èèyàn ń sá kiri, wọ́n ń ta ẹsẹ̀, gólíkípà ń fò sókè ń ṣubú, kò sì sí ohun tí wọ́n ń lé.

"Anti, bọ́ọ̀lù dà?"

"Réfírì ló kó o sápò," ẹnì kan dáhùn.

"Irọ́ ni. Ó ń bọ̀ láti Dùgbẹ̀, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló dá a dúró."

Síbẹ̀ wọ́n ń gbá a. Bí nọ́ńbà tó wà lókè bá yí padà, wọ́n á mọ̀ pé wọ́n ti gbá a wọlé, wọ́n á sì máa jà lórí ẹni tó gbá a. Bùrọ̀dá ní bí ẹ̀dà tuntun ohun tí òun fi tan géèmù jẹ bá dé, bọ́ọ̀lù á hàn. A ń retí.

Ní ti rúùtù, mi ò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ọjọ́ tó parí iṣẹ́, ó ní, "Sístà mi, rúùtù dà bíi pẹpẹ. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ló ń wọ ibẹ̀." Ẹni tí kò bá ṣe ìjọ wa lè má mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọ̀ mí lára tó. Obìnrin kì í dé ibi pẹpẹ lọ́dọ̀ wa. Láti kékeré ni mo ti ń kúnlẹ̀ lẹ́yìn irin tí wọ́n fi pààlà rẹ̀, tí mò ń wo àwọn tí a fi òróró yàn tí wọ́n ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Mo ní, "Ó yé mi, Bùrọ̀dá." Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Pírójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde wà nínú ẹ̀rọ náà lọ́jọ́ tó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi. Ọ̀kan lára wọn ga, kì í pariwo, àwọn èèyàn sì máa ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà mi títí àwọn yòókù fi lọ.

"Anti, mi ò bínú o. Mo kàn ń sọ fún yín ni. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo gbọ́dọ̀ fi pírójẹ́ẹ̀tì mi sílẹ̀. Bí mi ò bá rí i, ẹ ò ní í rí ṣọ́ọ̀bù yìí ṣí mọ́."

Ó kí mi pé ó dàárọ̀, ó sì lọ. Láti ọjọ́ náà títí di òní, mi ò lè jókòó kí n kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wá Bùrọ̀dá lọ sí Bódìjà. Mo ti gbọ́ pé ó ń bá ẹnì kan ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àmọ́ ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ gan-an ni mo bá. Àwọn oníbàárà mi mẹ́ta wà lórí bẹ́ńṣì rẹ̀, wọ́n sì gbójú kúrò lára mi. Mo wo ojú kọ̀m̀pútà rẹ̀. Ètò àtijọ́ ló wà níbẹ̀, èyí tó ní kí n yọ kúrò. Géèmù bọ́ọ̀lù wà lórí rẹ̀, bọ́ọ̀lù náà sì wà níbẹ̀, funfun, roboto, ó ń yí lọ lórí koríko.

Mo wá ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, páswọ́ọ̀dù."

"Gbé ẹ̀rọ náà wá síbí," ó ní. "Kó máa gbé lọ́dọ̀ mi. Ìwọ á wá máa bá mi tẹ̀wé." Kò pè mí ní Sístà.

Lọ́dọ̀ wa, ọmọ ìjọ kì í gbé ẹjọ́ ọmọ ìjọ síta, nítorí náà mo gbé e lọ bá Ìyá Ìjọ. Wọ́n ní kí àwa méjèèjì kúnlẹ̀.

"Mọ́mì, mo ti gbàgbé rẹ̀ ni," Bùrọ̀dá ní. "Àfi kí ẹ̀rọ náà wà lọ́dọ̀ mi, kí n máa wá a."

Ìyá Ìjọ kọjú sí mi. "Gbé e fún un. Ṣé ọmọ ìyá kan náà kọ́ ni yín nínú Ẹ̀mí?"

Mo ní, "Mo gbọ́, Mọ́mì." Mo dìde, mo gbọn eékún mi, mi ò sì gbé e fún un. Èyí tí wọ́n ṣe fún mi níbẹ̀ dùn mí ju ti Bùrọ̀dá lọ. Mo lọ bá ẹnì kan tó ń tún kọ̀m̀pútà ṣe ní Dùgbẹ̀. Òun ní àfi ká nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò, pírójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ náà á sì bá a lọ. Mo padà sílé.

Ọjọ́ Sátidé, ọmọkùnrin gíga yẹn tún dé. Mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn, àmọ́ ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó wọ ṣòkòtò, kò bo orí.

"Anti, ẹ má sá," ọmọkùnrin náà ní. "Èyí ń kọ́ kọ̀m̀pútà, ẹ jẹ́ ó wò ó."

Ọmọbìnrin náà pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Kí àwọn lẹ́tà funfun tó bẹ̀rẹ̀ eré, níbi tí Bùrọ̀dá ti ní kí n kàn máa tẹ̀ ẹ́ kọjá, ó tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ẹ̀rọ náà wọlé. Kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ṣé o mọ páswọ́ọ̀dù ni?"

"Rárá, Anti. Ẹni tó bá ti jókòó síwájú rẹ̀ lè wọlé. Ta ló sọ fún yín pé kò ṣeé ṣe?"

Ó tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, ó fi bí n ó ṣe máa ṣe é hàn mí, lẹ́yìn náà ó dìde lórí àga.

"Ẹ wá tẹ páswọ́ọ̀dù tuntun fúnra yín. Kò yẹ kí n mọ̀ ọ́n." Ó kọjú sí títì, ó sì fa ọmọkùnrin náà létí kí òun náà lè yíjú.

Ọmọkùnrin náà gba pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àwọn yòókù gba tiwọn. Àmọ́ ẹ̀rù ò tíì kúrò lára mi. Bùrọ̀dá ń sọ kiri nínú ìjọ pé àbùlẹ̀ lásán ni wọ́n fi tún un ṣe, pé níjọ́ tí iná bá tún lọ lójijì, ẹ̀rọ náà á kú pátápátá, n ó sì gbé e wá fún òun lórí ìkúnlẹ̀. Nígbàkigbà tí gílóòbù bá ṣẹ́jú, n ó ti sáré dé ìdí ẹ̀rọ.

Iná lọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà òjò, géèmù sì wà lórí. Nígbà tó dé, mo tan ẹ̀rọ. Àwọn lẹ́tà sáré, wọ́n dúró. Ó ní kí n tẹ páswọ́ọ̀dù rúùtù. Mo tẹ̀ ẹ́, ó sì gbà á. Ó bi mí ní ọ̀pọ̀ ìbéèrè, mo ń dá a lóhùn bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bí ọmọbìnrin náà ṣe kọ́ mi, títí ó fi jí dáadáa. Mo ṣí géèmù. Pápá là, àwọn agbábọ́ọ̀lù jáde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sá kiri.

"Anti, bọ́ọ̀lù dà?"

"Ó wà ní Bódìjà," mo ní. "Ẹ máa gbá a bẹ́ẹ̀."